Funfun Niyì Eyín: Ìtàn Ìbòjú Eyín

Funfun niyì eyín, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti máa ń wí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń run orín láràárọ̀ kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n funfun nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò lára eyín. Èjí, àlàfo tí ó máa ń wà láàrin eyín iwájú méjì, jẹ́ ẹwà pàtàkì lójú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí a kò bí i mọ́ a máa wá ẹni tí yóò fi irin yún un fún wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn Alájì àti Alájà mìíràn a máa ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú eyín wúrà lẹ́nu. Èyí fi hàn pé ṣíṣe eyín lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì rárá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣègùn eyín ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín, èyí tí wọ́n ń pè ní veneer. Ìtàn tirẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Hollywood ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti gbajúmọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, sinimá ti ń fọhùn, kámẹ́rà sì ń sún mọ́ ojú òṣèré débi pé àbùkù eyín kò ní ibi tí yóò sá sí. Oníṣègùn eyín kan, Charles Pincus, ni ó wá ọgbọ́n sí i. Ó mú èròjà irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwo tánńganran, ó sun ún nínú iná títí ó fi di pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́, ó sì fi bo eyín àwọn òṣèré. Ọmọdébìnrin òṣèré nnì, Shirley Temple, wà lára àwọn tí ó ṣe é fún, kí àwọn òǹwòran má baà mọ̀ pé eyín ọmọdé rẹ̀ ń ká. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù: kò sí àtè tí ó lè di ìbòjú náà mú pẹ́ títí. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń lẹ eyín àtọwọ́dá ni Pincus lò. Bí wọ́n bá ti ya sinimá tán, òṣèré yóò yọ ọ́ kí ó tó jẹun. Ẹwà ojú kámẹ́rà lásán ni.

Ní ọdún 1955 ni ọ̀nà là. Michael Buonocore, olùwádìí kan ní ìlú Rochester ní New York, ṣàkíyèsí pé àwọn oníṣẹ́ irin a máa fi ásíìdì tí ń jẹ́ phosphoric acid ra irin kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà, kí ọ̀dà náà má baà ṣí. Ó dán an wò lára eyín. Ásíìdì náà dá ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sí èèpo líle tí ó bo eyín. Nígbà tí ó da oje sí i, oje náà wọ inú àwọn ihò wọ̀nyí, ó sì le gbagidi síbẹ̀. Bíríkìlà tí ó ń ha ara ògiri kí ó tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ mọ ìdí abájọ: ohun tí ara rẹ̀ bá ń dán kì í di nǹkan mú.

Ní ọdún 1962, Rafael Bowen mú oje tuntun kan jáde tí ó le ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n fi irú oje bẹ́ẹ̀ ṣe ìbòjú eyín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń yí padà. Ní ọdún 1983, Richard Simonsen àti John Calamia fi hàn pé bí wọ́n bá fi ásíìdì ha ẹ̀yìn tánńganran, òun náà yóò gba àtè. Harold Horn pẹ̀lú kọ̀wé lórí irú iṣẹ́ yìí lọ́dún kan náà. Láti ìgbà náà ni ohun tí òṣèré ń yọ kí ó tó jẹun ti di ohun tí ènìyàn lè fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n kí ìbòjú tó lè jókòó dáadáa, oníṣègùn sábàá ní láti ha díẹ̀ kúrò lára èèpo eyín, nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Irun tí a fá yóò hù, egungun tí ó kán yóò jinná, ṣùgbọ́n èèpo eyín tí a ha kúrò kò ní hù mọ́ láéláé. Ìbòjú tánńganran a máa lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kì í ṣe ti ayérayé. Bí ó bá fọ́, òmíràn ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, owó mìíràn sì nìyẹn. Ẹni tí ó ń payín keke lójú oorun lè tètè fọ́ ọ. Ẹni tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú erìgì.

Kò tọ́ láti dá gbogbo ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́bi. Oògùn tetracycline, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, a máa sọ eyín ọmọ tí ó lò ó ní kékeré di aláwọ̀ ilẹ̀ láti inú wá, kò sì sí orín tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹlòmíràn ṣubú, eyín rẹ̀ sì kán. Irú àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, rí ìtura gbà nínú iṣẹ́ náà. Ti ẹni tí eyín rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó fẹ́ fi dí èjí rẹ̀ nítorí eyín tí ó rí nínú àwòrán, ni ó gba àròjinlẹ̀. Àwọn tí ó yún èjí láyé àtijọ́ kò rí ohun tí wọ́n yún gbà padà. Ìran kan ń yún àlàfo, ìran mìíràn ń dí i. Àṣà a máa yí padà, ṣùgbọ́n èèpo eyín tí ó bá ti lọ ti lọ nìyẹn.