Oyè Àwọn Ọlọ́lá Skọ́tlándì Àtijọ́ Lédè Yorùbá

Ó pẹ́ tí ó ti ń dùn mí bí àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn ọmọ wa ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìjòyè, bo gbogbo ọlọ́lá ilẹ̀ Skọ́tlándì àtijọ́ mọ́lẹ̀: ẹni tí ó jogún odindi ẹkùn, ìjòyè, ẹni tí kò ní ju abúlé kan lọ, ìjòyè, ẹni tí ń fọba jẹ pàápàá, ìjòyè náà ni. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sì nìyí, èdè àwọn tí kì í pe Ọ̀tún ní Òsì, tí kì í ṣi baálé pè ní baálẹ̀, tí mímọ ibi tí olúkúlùkù ń jókòó sí láàfin jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ilé fún wọn.

Àwọn oyè tí ó rọrùn láti túmọ̀ kò gba àríyànjiyàn. Laird ni onílẹ̀. Toísech, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gaelic jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, tí ó sì jẹ́ olórí ìran rẹ̀, ni aṣíwájú ìdílé. Ti dúùkù, kí á yá a lò bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ará Skọ́tlándì pàápàá yá a ni: ọdún 1398 ni Ọba Robert Kẹta kọ́kọ́ fi í jẹ lọ́dọ̀ wọn, tí ó fi David ọmọ rẹ̀ jẹ Dúùkù Rothesay, tí ó sì fi Robert àbúrò rẹ̀ jẹ Dúùkù Albany. Bí onílé bá yá nǹkan lò láìtijú, kí ni àlejò ń tijú sí?

Lórí mormaer gan-an ni iṣẹ́ wà. Maer ni alámòójútó. Mor, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti wí, ni ńlá, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ní òkun ni. Ẹni yìí ni ó ń ṣáájú ogun ẹkùn rẹ̀, Moray tàbí Buchan tàbí Mar, tí ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà n kò lè gbà fún àwọn tí ó ní kí á pè é ní ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn rán lọ jókòó lé ìlú onílùú lórí ni ajẹ́lẹ̀, ìwà wọn sì wà lára ohun tí ó mú kí Èkìtì gbé idà ní ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni mormaer, ìdílé rẹ̀ ni oyè náà wà. Ìríjú ńlá bá ìtumọ̀ Gaelic mu déédéé, síbẹ̀ ohun olóhun ni ìríjú ń tọ́jú, kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ìríjú yẹ thane, tí ń bójú tó ilẹ̀ ọba. Ọba ńkọ́? Àwọn akọ̀wé ìtàn ilẹ̀ Irẹ́lándì pe díẹ̀ nínú àwọn olórí Moray ní ọba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Macbeth bá ti jẹ́ ọba ní Moray, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ òkè tí ó gùn ní ọdún 1040, nígbà tí ó gorí ìtẹ́ Skọ́tlándì?

Olú-ẹkùn ni tèmi. Olú wà nínú Olúbàdàn. Ẹkùn ni àwọn Ọ̀yọ́ fi ń pe ìpín ilẹ̀ wọn, Ẹkùn Ọ̀tún, Ẹkùn Òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní etí yóò gbọ́ ẹkùn inú igbó níbẹ̀, kí ó gbọ́ ọ! Akọni wo ni a kì í fi ẹkùn kì lóríkì nílẹ̀ wa? Nígbà tí earl sì gba ipò mormaer, orúkọ ló yí, oyè kò yí. Ọ̀rọ̀ Látìn kan náà, comes, ni àwọn akọ̀wé ń lò fún méjèèjì. Olú-ẹkùn náà ni. Ti Fife nínú wọn ni afọbajẹ, ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọba tuntun jókòó ní Scone. Ní ọdún 1306, Isabella, ọmọbìnrin ilé Fife, ni ó ṣe é fún Robert Bruce, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ sínú àgò ní Berwick.

Ó ku olórí àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, ti ìdílé MacDonald, tí àwọn kan kọ ní Olúwa Àwọn Erékùṣù, tí ó wá dà bí àdúrà létí ọmọ Yorùbá. Bí a ti ń wí Alákétu, tí a ń wí Oníkòyí, bẹ́ẹ̀ ni kí á wí Elérékùṣù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣe rẹ́gí bí adé lórí ọba. Ọdún 1493 ni Ọba James Kẹrin gba oyè náà lọ́wọ́ wọn, àrẹ̀mọ ìtẹ́ Bìrìtìkó ni ó sì ń jẹ́ Elérékùṣù títí di òní.