Kí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń jẹ? Ìtàn orúkọ inú àti àrùn inú ní ilẹ̀ Okun

"Inú ń run mí." Ọ̀rọ̀ yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu aláìsàn ní Kàbà bí ó bá ti jókòó síwájú dókítà. Inú wo? Inú ni oúnjẹ ń lọ, inú ni ọmọ ń gbé kí a tó bí i, inú náà ló ń bí ni, òun náà ló sì ń dùn. Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹnìkan yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un pé "stomach", àyẹ̀wò yóò sì gba ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là sílẹ̀. Àwa tí a kọ èyí jẹ́ ọmọ Owé, Yàgbà àti Ìjùmú. A fẹ́ sọ ibi tí àwọn orúkọ tí a ń pe inú àti àrùn inú ti wá, nítorí pé ọ̀kan wà nínú wọn tí ó ń kọ́ni bí a ṣe lè gba ẹ̀mí là, òmíràn sì wà tí ó ń bo ikú mọ́lẹ̀.

Inú ẹran ni àwọn baba wa ti kọ́kọ́ mọ inú ènìyàn. Ọmọ tí ó bá ti bá wọn kun ẹran rí lọ́jọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì mọ ẹ̀dọ̀, ó mọ ìfun, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì bẹ́ òróòro, gbogbo ẹran náà korò. Adìyẹ ní ìwe, màlúù ní ṣàkì àti àbọ̀dí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èdè ṣe ya ọ̀nà méjì: kò sí ẹni tí yóò sọ pé ṣàkì òun ń dun òun. Ti ènìyàn, àpòlúkù ni. Ìfun ní tirẹ̀ wọlé sí ọ̀dọ̀ ènìyàn àti ẹran láìsí ìjà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ló ṣe é báyìí. Galen, oníṣègùn tí ó gbé ní Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ń là wò. Ibẹ̀ ni orúkọ rectum ti wá, tí ó túmọ̀ sí "èyí tí ó tọ́", bẹ́ẹ̀ sì ni ti ènìyàn kò tọ́ rárá, ó tẹ̀ kọrọdọ. Duodenum jẹ́ "méjìlá", nítorí pé gígùn rẹ̀ tó ìka méjìlá tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Jejunum jẹ́ "òfìfo", torí pé wọ́n sábà máa ń bá a lófìfo nínú òkú. Ọdún 1543 ni Andreas Vesalius tó gbé ìwé jáde tí ó tún púpọ̀ nínú àṣìṣe Galen ṣe, síbẹ̀ àwọn orúkọ náà kò kúrò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń há wọn sórí bí ẹní há ọfọ̀ fún ìdánwò, ọ̀rọ̀ alápatà lásán lẹ̀ ń há sórí o.

Nígbà tí ó kan kíkọ sílẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Okun gba ọ̀nà jíjìn. Ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, èdè Ọ̀yọ́ ló sì gbé e lé. Ní 1854, Sigismund Koelle, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Freetown, tẹ Polyglotta Africana jáde: ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ní èdè tí ó ju 100 lọ. Lára àwọn tí ó kọ ni Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wọ̀rọ̀ àti Ẹ̀kì, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ẹ̀yà ara sì wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe rí ọmọ Okun ní Freetown? Àwọn tí ogun àti òwò ẹrú kó lọ ni, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun. Ẹnu àwọn tí a jí gbé ni àkójọ ọ̀rọ̀ ara wa ti kọ́kọ́ bọ́ sínú ìwé.

Ọdún 1854 yẹn lágbára o. Òun náà ni ọkọ̀ Pleiad tí Baikie darí gba odò Ọya gòkè dé ibi tí ó ti pàdé Benue, nítòsí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀, tí Crowther wà nínú rẹ̀, tí kunín tí wọ́n ń lò kò sì jẹ́ kí òyìnbó kankan kú. Òun náà ni John Snow ní London fi hàn pé omi ẹ̀rọ kan ní Broad Street ló ń gbé kọ́lẹ́rà kiri.

Lẹ́yìn ìgbà náà, èdè ìwé gba iwájú. Bíbélì Yorùbá lódindi jáde ní 1884, ìwé atúmọ̀ èdè CMS jáde ní 1913, ọ̀rọ̀ Okun kò sì rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ìjọba pẹ̀lú fi wá sí Àríwá láti 1900, a bọ́ sí Kwara ní 1967, a bọ́ sí Kogi ní 1991. Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ láti 1908, ilé ìwòsàn ìjọ SIM sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1952. Láti ìgbà náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń túmọ̀ àrùn fún aláìsàn, kálukú pẹ̀lú ọgbọ́n orí tirẹ̀. Ìwé Yoruba Metalanguage tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n gírámà àti lítíréṣọ̀ ló bójú tó. Ọmọ Yorùbá lè sọ "ọ̀rọ̀-orúkọ" àti "àpólà ìṣe" láìkọsẹ̀, kí ó má sì rí nǹkan pe pancreas.

Ẹ jẹ́ ká wá wo orúkọ tí ó dára. Kọ́lẹ́rà ni onígbáméjì. Igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ẹni tí ó sọ orúkọ yìí rí aláìsàn dáadáa: omi ń gba òkè jáde, ó ń gba ìsàlẹ̀ jáde, ara sì ń gbẹ. Àwọn Gíríìkì tí orúkọ kọ́lẹ́rà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, òróòro ni a sábà máa ń so ọ̀rọ̀ náà mọ́, òróòro kò sì jẹ̀bi. Nígbà tí àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961 wọ Nàìjíríà ní ìparí 1970, ohun tí ń pa ènìyàn gan-an ni ohun tí igbá méjì náà ń sọ, omi tí ó jáde tí a kò dá padà. Ní 1971, nínú àgọ́ àwọn tí ogun Bangladesh lé kúrò nílé, Dilip Mahalanabis fún àwọn aláìsàn ní omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, iye àwọn tí ń kú sì já wálẹ̀ gidigidi. Ọlíkóyè Ransome-Kútì, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí dé abúlé. Omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo ṣíbí náà gún régé, kí ó má ṣe kún gegele. Ìyá tí ó ń sọ pé kí ọmọ tí inú ń ṣu má mu omi, nítorí pé yóò tún yà á ni, ẹ bi í pé igbá mélòó ló ń dà nù, igbá mélòó ló ti dá padà.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni ìyọnu wa. Orúkọ náà ń sọ pé nǹkan ń jẹ ìdí, kò sọ nǹkan wo. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ihò ìdí nítorí àìrígbẹ́ yà, títẹra mọ́ ìgbẹ́ tàbí oyún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, tí ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀yìn ń dun ọkùnrin, agbára ọkùnrin rẹ̀ lọ sílẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Nǹkan dídùn ni wọ́n ní ó ń fà á, nítorí náà wọ́n ń sá fún ṣúgà, wọ́n ń ra àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì, inú á ṣí gbuuru, ẹni náà á ní ó ti jáde. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá pẹ̀lú máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde. Lábẹ́ orúkọ kan náà ló ń sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà kì í sì í dé ilé ìwòsàn títí yóò fi tàn kálẹ̀. A kò bá alágbo jà. Orúkọ tí ó gba àrùn márùn-ún sínú ilé kan ni a ń bá jà.

Òyìnbó náà ní jẹ̀díjẹ̀dí tirẹ̀. Ọ́lsà ni. Títí di ọdún 1980 sí òkè, àwọn dókítà gbàgbọ́ pé àníyàn àti ásíìdì ló ń fà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé wa ṣe gbàgbọ́ pé ebi àti ata ni. Ní 1984 ni Barry Marshall ní Australia gbé kòkòrò Helicobacter pylori mu, kí ó lè fi hàn pé kòkòrò náà ń ba àpòlúkù jẹ́. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kòkòrò yẹn àti oògùn ìrora bí aspirin àti ibuprofen ló ń fa púpọ̀ nínú ọ́lsà, tí àwa kan sì ń gbé oògùn wọ̀nyí mì lófìfo inú ní alẹ́ ìdánwò.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nílé bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí orúkọ. Ẹ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, àti bóyá ó pupa fòò tàbí ó dúdú. Ẹ bi í láti ìgbà wo, bóyá ó ń rù, bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹ sì sọ ìdáhùn rẹ̀ fún dókítà bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an.

A ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Kàbà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrá, orúkọ wo ni wọ́n ń pe ìgbẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú, kí jẹ̀díjẹ̀dí tó gbé e mì. Ti Bùnú àti ti Ọ̀wọ̀rọ̀ kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó bá wa bi í, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn.