Èkó, Ìlú Etí Òkun

Àwa tí a ń gbé Calgary, níbi tí òkun ti jìnnà, lè gbàgbé ohun tí omi ń ṣe fún ìlú. Orí ilẹ̀ ni Ìsìláàmù gbà láti àríwá wọ ilẹ̀ Yorùbá; ṣùgbọ́n Èkó, erékùṣù inú ọ̀sà, tún rí Mùsùlùmí gbà láti ojú òkun: Sàró àti Àgùdà, àwọn tí a kó lẹ́rú lọ àti ọmọ wọn tó padà wálé. Sẹ̀rà Líóònù ni wọ́n bí Mohammed Shitta sí. Ó fi owó òwò rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló bá a kọ́ ọ, ojú ilé náà sì jọ ti Bùràsíìlì. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1894, Súlútáánì Abdul Hamid Kejì rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìsìláàmù, láti Liverpool wá, pẹ̀lú oyè Bey fún Shitta. Oyè ọba Tọ́kì ti di orúkọ ìdílé ní Èkó títí dòní.