Ìtàn Àmì Backslash Nínú Ìwákiri Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ iṣan ọpọlọ ni Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ń tú wò nígbà tó gbé ìlànà tí a ń pè ní regular expression kalẹ̀ ní 1951. Ken Thompson ló mú un wọ inú QED, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, láti fi wá ọ̀rọ̀, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé ní 1968, kó tó di pé ó kọ ètò ìkọ̀wé mìíràn, ed, ní Bell Labs lọ́dún tó tẹ̀ lé e: ed baba grep tó ń wá ọ̀rọ̀, ed baba ńlá ètò ìkọ̀wé Vim.

Nínú ìlànà yìí, àmì ìdánudúró dúró fún àmì yòówù tí ì báà jẹ́. Bí ènìyàn bá ní kí ed wá 3.5, yóò mú 3.5 wá, yóò sì kó 345 àti 3a5 mọ́ ọn, nítorí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí tí à ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún tí yóò di odindi nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ 3\.5, kí backslash lè gba agbára lọ́wọ́ ìdánudúró. Bob Bemer ló ṣe é tí backslash fi wọ ASCII, àkójọ àmì tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní 1961, kí àwọn tó ń lo èdè ALGOL lè fi /\ àti \/ kọ “àti” pẹ̀lú “tàbí”. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ pè é wá kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ ni ti àkámọ́. Nínú ed, àkámọ́ lásán kò ní agbára kankan; backslash ló ń fún un lágbára láti kó àwọn àmì pọ̀ sójú kan, báyìí: \( \). Nígbà tí Alfred Aho kọ egrep, ẹ̀yà grep kan, ní 1975, ó dorí ọ̀rọ̀ náà kodò: àkámọ́ lásán di alágbára, backslash sì ń gba agbára náà kúrò. Lójú tèmi, ti Aho ló tọ̀nà, nítorí iṣẹ́ kan náà ni backslash ń ṣe níbẹ̀ sí gbogbo àmì tó ní agbára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí ìlànà POSIX.2 jáde ní 1992, méjèèjì ló fọwọ́ sí.

Nínú ètò ìkọ̀wé GNU Emacs tí Richard Stallman gbé jáde ní 1985, wàhálà náà di ìlọ́po méjì, nítorí ẹni tó bá kọ ìwákiri rẹ̀ sínú ètò Lisp ń gba ibodè méjì kọjá, oníbodè kọ̀ọ̀kan sì ń gba owó tirẹ̀: Lisp yóò kọ́kọ́ sọ backslash méjì di ẹyọ kan, ìlànà ìwákiri yóò sì tún sọ méjì tó bá kù di ẹyọ kan. Nítorí náà, láti wá backslash ẹyọ kan ṣoṣo, mẹ́rin gbáko là ń kọ: "\\\\".

Nínú èdè Python, lẹ́tà r tí a fi ṣáájú àmì àyọlò ń ṣí ibodè àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń lo Emacs, ẹ má fi ọwọ́ ka backslash nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Ẹ jẹ́ kí regexp-quote tó wà nínú Emacs bá yín fi wọ́n sí àyè wọn.