Odò Ọ̀tìn: Ibi tí Ìbàdàn àti Ìlọrin ti Pàdé

Ẹni tó bá gun Láyípo lórí Òkè Àrẹ̀ yóò rí Mápó, Bẹẹrẹ àti àwọn òrùlé Ọjà'ba nísàlẹ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gíga náà ní ìrántí Kápítéènì R. L. Bower, Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ilé náà. Ìwọ̀nba ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ odò kan tó jìnnà sí Ìbàdàn wà lára ohun tó gba ọkùnrin yìí lọ́kàn.

Odò Ọ̀tìn kò tó Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, etí rẹ̀ ni Ìbàdàn àti Ìlọrin ti wọ̀yá ìjà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n kó ogun Ìbàdàn lọ gba Ìkìrun sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń sá lọ kó sódò, omi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ogun Jálumi.

Lẹ́yìn èyí, Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, ọ̀rẹ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn náà tẹ àgọ́ sí Ìkìrun. Ọdún 1893 ni Gómìnà Carter ti Èkó tó mú kí tọ̀tún-tòsì ká àgọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, Ajẹ́lẹ̀ sì wọ̀lú. Bower fi ọmọ ogun ṣọ́ Odò Ọ̀tìn. (Òun náà ló yìnbọn lu Ọ̀yọ́ ní 1895, sùúrù kò sí nínú ẹrù rẹ̀.) Ìlọrin kọ lu àgọ́ náà ní 1896, wọn kò rí i kó. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ Goldie tó ń ṣòwò lórí odò Ọya kó ogun ja Ìlọrin, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Ibi tó dunni nìyí: ibi tí ogun dúró sí ni àwọn aláṣẹ sọ di ààlà. Ọ̀fà bọ́ sí Àríwá, Ìkìrun bọ́ sí Gúúsù, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Àwọn Yorùbá apá Ìlọrin gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ Willink ní 1957 sí 1958, pé kí a dá àwọn padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ààlà náà kò yẹ̀. Lónìí, Kwara ni Ọ̀fà wà, Ọ̀ṣun ni Ìkìrun.