Ohun Ìṣeré Ọmọdé ní Agége àti Ìkejà: Láti Ọmọlangidi dé Ọmọ Rọ́bà

Bí òpìtàn bá ń sọ ìtàn Agége àti Ìkejà, ojú irin, oko kòkó àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń ṣeré nínú ilé nígbà tí gbogbo ìyípadà wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọdé a máa sọ púpọ̀ nípa ilé tí ó ti jáde wá.

Ní 1901 ni a ṣí ojú irin tí ó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn. Láìpẹ́, àwọn àgbẹ̀ bí J. K. Coker ń gbin kòkó àti obì káàkiri àdúgbò náà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ara wọn sílẹ̀ ní 1907. Ní ayé ìgbà náà, inú ilé ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun ìṣeré. Ọmọkùnrin a máa ta òkòtó, ọmọbìnrin a sì máa pọn ọmọlangidi tí a fi igi gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pọn àbúrò rẹ̀. Àgbà ni ó ń yan èyí tí ó tọ́ sí ọmọ. Ìyá tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ kì yóò fi ọmọ ayò lé ọmọ tí ń rákò lọ́wọ́, kí ó má baà gbé e mì.

Ṣùgbọ́n ère kan wà tí ó jọ ọmọlangidi, tí kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Èyí ni ère ìbejì. Ìbejì pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá: ìwádìí tí Nylander ṣe ní Ìgbò-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, a ó gbẹ́ ère fún un. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á, a máa fún un ní oúnjẹ. Ọwọ́ agbẹ́gilére ni ó fi ààlà sáàárín ère yìí àti ọmọlangidi. Ojú ọmọdé pàápàá lè rí i.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkejà fún ilé iṣẹ́, nítorí pé abẹ́ ìjọba náà ni Ìkejà wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Cadbury fìdí múlẹ̀ ní 1965. WAMCO sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mílíìkì inú agolo ní 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n háyà yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì fi ìyá àgbà sílẹ̀ ní ìlú wọn. Àwọn ọmọ wọn kò jókòó lásán. Wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, wọ́n gé bàtà sílípáàsì tí ó ti já ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì ń fà á kiri. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí agolo a máa gé ọmọ lọ́wọ́, bí àgbà kò bá sí nítòsí láti tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀.

Ní àsìkò yìí kan náà ni ọmọ rọ́bà gba ọjà kan. Ní 1973, Marilyn Houlberg, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwọn ìyá kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo ọmọ rọ́bà dípò ère ìbejì tí a fi igi gbẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí a rí ère nílé òun kò ní tijú ọmọ rọ́bà.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn gbé wà. Láti orí àtẹ kan náà ni èyí tí a fi ń rántí òkú ọmọ àti èyí tí alààyè fi ń ṣeré ti wá. Ààlà tí agbẹ́gilére ń fi ọwọ́ ya tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ìyá ní láti fi ẹnu yà: “Èyí ni tìrẹ, tọ̀hún, má fọwọ́ kàn án.” Bí ìyá kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn tí ń wí pé rọ́bà ni ó pa àṣà kò wò ó dáadáa. Kì í ṣe igi ni ó sọ ère di ère, bí kò ṣe ìtọ́jú àti ọ̀rọ̀ tí ilé fi yí i ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewu. Ojú lásán tó láti rí etí agolo. Ojú lásán kò tó láti mọ òjé inú ọ̀dà, èyí tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, tí Amẹ́ríkà sì fi òfin dè lára ohun ìṣeré ní 1978. Nítorí náà, bí ohun ìṣeré ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àgbà nínú ilé ń pọ̀ sí i. Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ní í mọ ibi tí yóò wó sí.