Rulon Allred, Oníṣègùn Tó Darí Ìjọ Olóbìnrin Púpọ̀ ní Utah

Rulon Clark Allred (ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1906 – ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1977) jẹ́ olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Mọ́mọ́nì tó kọ̀ láti jáwọ́ nínú ìkóbìnrinjọ. Iṣẹ́ ìṣègùn ló ń ṣe jẹun ní agbègbè Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sá fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ kan náà gbọ́ ló pa á.

Joseph Smith, tó dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ ní 1830, ló bẹ̀rẹ̀ ìkóbìnrinjọ láàárín wọn. Ọdún 1852 ni ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ní gbangba. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin há wọn mọ́, ó ń kó àwọn ọkọ lọ sẹ́wọ̀n, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ìjọ, títí Wilford Woodruff, ààrẹ ìjọ, fi kéde ní 1890 pé kí wọ́n jáwọ́. Àwọn kan kò gbà. Wọ́n ní John Taylor, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, ti rí ìfihàn gbà ní 1886, ó sì ti fi àṣẹ lé àwọn èèyàn mélòó kan lọ́wọ́ kí àṣà náà má baà parun. Ẹni tí wọ́n bí sílé olórogún lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe nítorí ọlá tàbí ọwọ́ iṣẹ́ lóko ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó: wọ́n gbà pé láìṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn ò ní dé ipò tó ga jù lọ́run.

Ìlú Colonia Dublán ní Mẹ́síkò, níbi tí àwọn olóbìnrin púpọ̀ sá lọ, ni ìyàwó kejì bàbá rẹ̀ ti bí Allred. Bàbá náà, Byron Harvey Allred, ti fìgbà kan jẹ́ olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Idaho. Ní 1933, ó tẹ ìwé kan jáde láti gbèjà ìkóbìnrinjọ. Rulon, tó ṣì jẹ́ ọmọ ìjọ gidi nígbà náà, ka ìwé ọ̀hún kó lè já a ní koro, ṣùgbọ́n ìwé náà ló yí i lọ́kàn padà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìjọ sì yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó ní ìyàwó méje ó kéré tán, àti ọmọ 48.

Ní 1944, àwọn agbófinró ya bo ilé àwọn olóbìnrin púpọ̀. Ọkùnrin 15 ni wọ́n kó lọ sẹ́wọ̀n Utah ní 1945, Allred wà lára wọn. Kí ọdún náà tó parí, ó fọwọ́ síwèé pé òun ò ní kóbìnrin jọ mọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Kò pa àdéhùn náà mọ́. Ní 1947, ó kó ẹbí rẹ̀ sá lọ sí Mẹ́síkò, sọ́dọ̀ ìdílé LeBaron, tí wọ́n jọ ń gbé irú ìgbé ayé kan náà. Ìdílé yìí náà ló padà di ikú rẹ̀.

Allred padà sí Utah nígbà tó yá. Nígbà tí Joseph Musser, olórí ẹgbẹ́ olóbìnrin púpọ̀ tí Allred wà, ń ṣàìsàn, Allred ló yàn láti gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kọ̀, ẹgbẹ́ sì pín sí méjì ní nǹkan bí ọdún 1952. Àwọn tó wà ní Short Creek, ní ààlà Arizona, lọ tiwọn. Àwọn tó tẹ̀ lé Allred ló wá ń jẹ́ Apostolic United Brethren, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1975. Ó tún ra ilẹ̀ 640 éékà ní Montana, níbi tí ìlú Pinesdale wà báyìí. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: ó ń wo aláìsàn láìlo oògùn òyìnbó, ó ń to egungun ẹ̀yìn, ó sì ń gbẹ̀bí.

Láàárín àkókò yìí, Ervil LeBaron ti sọ ara rẹ̀ di wòlíì. Ní 1972, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, Joel, tó jẹ́ olórí ìjọ tí àwọn méjèèjì ti jọ wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ń fẹ́ kí gbogbo olórí ẹgbẹ́ yòókù wólẹ̀ fún òun kí wọ́n sì máa san ìdámẹ́wàá. Allred ò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1977, obìnrin méjì tó yíra padà wọ ọ́fíìsì Allred ní Murray, ní agbègbè Salt Lake City, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyàwó Ervil. Allred nìkan kọ́ ni Ervil ń wá: ó rò pé Verlan, àbúrò Joel tó jogún ìjọ, yóò wá síbi ìsìnkú, kí wọ́n lè pa òun náà níbẹ̀. Ètò yẹn kò ṣẹ. Ilé ẹjọ́ dá ìyàwó náà láre ní 1979, ṣùgbọ́n ní 1990 ó jẹ́wọ́ nínú ìwé pé òun lòun yìnbọn. Wọ́n dá Ervil lẹ́bi ní 1980, ó sì kú sẹ́wọ̀n lọ́dún kejì.

Owen, àbúrò Allred, ló gbapò rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2005. Dorothy, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Allred, kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ilé wọn ní 1984. Ní 2020, Utah dín ìyà tó wà fún ìkóbìnrinjọ láàárín àgbàlagbà tó fínnú fíndọ̀ ṣe é kù sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, bí èyí tí wọ́n fi ń bu owó ìtanràn lé awakọ̀.